Ètò Ọlọ́dún Mẹ́wàá Tí Àbúrò Káfíńtà Kọ

Ìfági jẹ igi wọlé ju bó ṣe yẹ lọ, Káfíńtà sì pòṣé. Àjẹ̀ tuntun tó ti ń fá láti àárọ̀ ti lójú ọgbẹ́. Kì í ṣe pé ọwọ́ rẹ̀ ò dá ṣáṣá. Àtẹ́wọ́ ló dà á láàmú. Inú yàrá ìpàdé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ọkọ̀ ni wọ́n ti ń pa á, àbúrò rẹ̀ obìnrin ni wọ́n sì ń pa á fún. Ìpàdé ò tíì bẹ̀rẹ̀ o! Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí páálí tó gbé kọ́ ara ògiri ni.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: ó ń jowú. Ọdún méjìdínlógún sẹ́yìn, òun àti àwọn mẹ́ta kan ló dá ẹgbẹ́ awakọ̀ odò wọn sílẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ kan ṣoṣo tó ń jò. Òun ló kan gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n ń lò lónìí. Òun ló kọ́ àbúrò rẹ̀ yìí, tí wọ́n ń pè ní Tíṣà, ní wíwa ọkọ̀, nígbà tí ìyẹn ò tíì lè gbé àjẹ̀ dúró. Àmọ́ nígbà tí ẹgbẹ́ wá ní àwọn fẹ́ mọ ibi tí àwọn máa wà ní ọdún mẹ́wàá sí i, ta ni wọ́n ní kó lọ kọ ètò náà? Tíṣà! Wọ́n ní ó mọ̀wé, wọ́n ní ó mọ bí wọ́n ṣe ń to ọ̀rọ̀. Kò sẹ́nì kan tó bi Káfíńtà bóyá òun náà ní nǹkan kan lọ́kàn. Ó sì ní in, ó ti pẹ́ tó ti ń bá a sùn tó ń bá a jí.

Ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó sì wọlé.

“Ẹ̀yin Káfíńtà, ẹ wá wo iṣẹ́ ọpọlọ!” Télọ̀ ló ń pariwo láti orí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. “Ṣé ó dá yín lójú pé ìyá kan náà ló bí ẹ̀yin méjèèjì ṣá?”

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Káfíńtà náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹnu lásán.

Ó lọ dúró níwájú páálí náà. Ọdún kọ̀ọ̀kan ló ní àwọ̀ tirẹ̀. Lọ́dún kìíní, wọ́n á kọ́ èbúté tuntun. Lọ́dún kẹta, àwọn ìyá ọlọ́mọ á ní ọkọ̀ tiwọn. Tó bá máa fi di ọdún kẹfà, kò ní sí ọmọ kankan ládùúgbò tí ò mọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Ó dára. Ohun tó dùn ún jù nìyẹn. Ká ní ọ̀rọ̀ játijàti ni, ì bá lọ sílé lọ jẹun kó sì sùn dáadáa.

Ìgbà yẹn ni ojú rẹ̀ wá bọ́ sórí ibi tí wọ́n fẹ́ kọ́ èbúté náà sí: ìsàlẹ̀ kọ́nà odò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù. Tíṣà ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé omi jìn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ. Àyà Káfíńtà já, ayọ̀ sì tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Òjò ló ń rọ̀ nígbà tó lọ wọ̀n ọ́n! Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, omi ibẹ̀ kì í dé orúnkún. Fún oṣù mẹ́rin gbáko, ẹrẹ̀ lásán ni. Kò sí ẹlòmíì nínú ẹgbẹ́ tó lè mọ̀, torí kò sí ẹni tó ń dé kọ́nà yẹn lẹ́ẹ̀rùn, àfi òun tó máa ń lọ wá igi tí omi gbé wá.

Ó yẹ kó sọ̀rọ̀. Kò sọ. Ó wá ibì kan jókòó, ó ká ọwọ́ mọ́ra. Kí wọ́n kọ́ ọ. Kí ọkọ̀ rì mọ́ ẹrẹ̀ lójú gbogbo ayé, kí wọ́n wá mọ̀ pé ìwé nìkan kọ́ ni wọ́n fi ń mọ odò.

Màmá Agbẹ̀bí, alága wọn, dìde. “Ẹni tó bá fara mọ́ ọn, kó nawọ́. Tá a bá ti fọwọ́ sí i, bíríkìlà máa bẹ̀rẹ̀ èbúté lọ́jọ́ Ajé.”

Ọwọ́ ta sókè lọ rẹrẹ. Tíṣà ò wo ọ̀kankan nínú wọn, Káfíńtà ló ń wò.

“Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ ò nawọ́.”

“Ṣe bí wọ́n ti pọ̀ tó.”

“Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wá bá yín ní ṣọ́ọ̀bù kí n tó kọ ọ́. Ẹ ní kí n ṣe é bó ṣe wù mí.” Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. “Ṣé ó dáa?”

Ká ní ó fi ṣe àfojúdi ni, Káfíńtà ì bá nawọ́, kó sì lọ sílé. Àmọ́ ó fẹ́ mọ̀ lóòótọ́ ni. Inú bí Káfíńtà sí ara rẹ̀, ìyẹn wá jẹ́ kí inú túbọ̀ bí i.

“Kò dáa!” Ó ti fi ìbínú sọ ọ́ kó tó mọ̀. “Ibẹ̀ máa ń gbẹ. Ẹrẹ̀ ni lẹ́ẹ̀rùn.”

Tíṣà mú báírò, ó fi ìlà pa èbúté náà rẹ́ láìwo iwájú wo ẹ̀yìn.

“Ibo ló wá dáa?”

“Òkè kọ́nà, níbi tí omi ti dúdú. Kì í gbẹ láéláé.”

Ó kọ ọ́. Màmá Agbẹ̀bí mi orí. “Ẹ wo bí ọmọ yìí ṣe ń gbọ́ràn! Ẹlòmíì ì bá ti gbaná jẹ.” Ni wọ́n bá tún pàtẹ́wọ́. Fún Tíṣà! Káfíńtà kàn ń wò wọ́n.

Nígbà tí èrò tú ká, Tíṣà bá a létí omi. Àwọn méjèèjì ló máa lọ wọn òkè kọ́nà.

“Ìgbà wo lẹ ti mọ̀ pé mo ṣì í?”

“Bí mo ṣe rí páálí yẹn ni.”

“Kí ló dé tẹ́ ẹ fi dákẹ́?”

Káfíńtà tú okùn ọkọ̀. “Mò ń jowú ẹ.”

Tíṣà rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Ọdún mọ́kànlá ni mo fi jókòó sẹ́yìn yín nínú ọkọ̀, ẹ̀yìn yín nìkan ni mò ń wò. Ẹ rò pé èmi ò jowú?”

Káfíńtà gbé ẹsẹ̀ kan sínú ọkọ̀, níbi àga aṣáájú, èyí tí ẹni tó bá jókòó sí i ni àwọn yòókù máa ń wò kí àjẹ̀ wọn lè jọ wọ omi. Ó tún yọ ẹsẹ̀ náà.

“Ìwọ bọ́ síbẹ̀.”

Ó jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Owú náà ò lọ o, ó bá a jókòó. Tíṣà na ọwọ́, ó fa àjẹ̀, ó tún nà án. Káfíńtà rí i pé èjìká òsì rẹ̀ ń fò sókè díẹ̀ kí àjẹ̀ tó kan omi. Àṣìṣe gidi ni. Ó la ẹnu láti bá a wí.

Ó wá rántí ohun tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń sọ fún un láti ọdún gbọọrọ, tó sì máa ń torí ẹ̀ bá wọn jà pé irọ́ ni: “Káfíńtà, èjìká òsì yín.” Kò rí i rí, àfi lónìí, lára Tíṣà. Ó pa ẹnu dé, ó sì ń wa ọkọ̀ tẹ̀ lé e.