Kòtò Inú Ajílẹ̀ Mi

Inú ń bí mi, n kò sì ní fi pa mọ́. Oko ẹ̀fọ́ kan ṣoṣo ni mo lè pè ní tèmi láyé yìí, Òkè-Oyì ló wà. Ilẹ̀ rẹ̀ ti ṣá. Tẹ̀tẹ̀ tí mo gbìn léṣìí rán, ewé rẹ̀ kéré, àwọn olóúnjẹ ní Challenge tí wọ́n máa ń rà á lọ́wọ́ mi sì ti ń wo ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Ọ̀rẹ́ mi Ummu Salamah, tó ń gbin olú tà, ló fún mi nímọ̀ràn: kí n kó èérún igi láti ibi ìlapákó, kí n bomi rin ín, kí n da irúgbìn olú mọ́ ọn. Olú á jẹ igi náà títí á fi di ilẹ̀ dúdú.

Ẹ̀yìnkùlé wa ní Gàmbàrí ni mo kó o jọ sí. Àwọn ará ilé fi mí rẹ́rìn-ín títí ó fi sú wọn. Ìyá ọkọ mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Omi tó bá ṣẹ́kù nínú búútà àlùwàlá wọn, orí igi mi ni wọ́n máa ń dà á sí. Fọ́nran funfun bí òwú gba inú igi náà kan, olú hù, a sè é jẹ. Nígbà tí òjò fi máa bẹ̀rẹ̀, ajílẹ̀ mi ti dúdú, ó rọ̀ múlọ́múlọ́. Mo ti bá oníkẹ̀kẹ́ tó máa kó o lọ sóko sọ̀rọ̀.

Àfi bí ìyá ọkọ mi ṣe kú ní àsùbáà. Omi tí a bá fi wẹ òkú kì í ṣàn káàkiri, kòtò la máa ń gbẹ́ fún un, bẹ́ẹ̀ sì ni sìmẹ́ńtì ló bo gbogbo àgbàlá wa. Àwọn tó mú ṣọ́bìrì dúró, wọ́n ń wo Abdulwaris ọkọ mi.

"Ẹ gbẹ́ ẹ síbẹ̀ yẹn, ibẹ̀ rọ̀." Ó nawọ́ sí ajílẹ̀ mi.

"Bàbá Zahrah, ẹ jọ̀ọ́, bí wọ́n bá fọ́ sìmẹ́ńtì ẹ̀gbẹ́ ògiri níbí ńkọ́?"

"Hidayat! Òkú ìyá mi wà nílẹ̀, ẹ̀fọ́ lò ń rò?"

Wọ́n gbẹ́ kòtò náà sínú ajílẹ̀ mi, omi tí wọ́n fi wẹ Ìyá sì ṣàn sínú rẹ̀.

Lẹ́yìn àdúrà fídáù tí a ṣe fún Ìyá, mo bi Alfa bóyá ajílẹ̀ náà ṣì ṣeé lò. Wọ́n ní kò sí ẹ̀gbin níbẹ̀, kí n lò ó. Mo kó o lọ sóko. Wálláhì, ewé tẹ̀tẹ̀ mi fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Ṣùgbọ́n Bilkisu, àbúrò ọkọ mi, ti ròyìn omi òkú náà dé Challenge. "Ìyá Zahrah, a ti ra ẹ̀fọ́ o," ni gbogbo àwọn olóúnjẹ ń wí. Wọn ò tilẹ̀ wo inú apẹ̀rẹ̀. Mo gbé e padà wálé, mo sè é, mo gbé e síwájú ọkọ mi.

"Níbo lo ti já ẹ̀fọ́ yìí?"

"Lóko mi."

Ó ti abọ́ náà sẹ́yìn. "Omi tí wọ́n fi wẹ ìyá mi lo fẹ́ fi bọ́ mi? Kí ló dé tó o lọ kó irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n gbẹ́ kòtò síbẹ̀."

"Èmi?"

Mo wo ojú rẹ̀ dáadáa. Kì í ṣe pé ó ń purọ́. Kò rántí rárá.