Ẹrù Àfarasin Lára Irin Méjìlá

…kò padà sí òdo. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Mo pa iná, òòfà ṣì ṣẹ́kù lára irin. Ìyẹn ò yà mí lẹ́nu, bí irin ṣe ń ṣe nìyẹn: ọ̀nà tó gbà lọ kọ́ ló ń gbà bọ̀. Mo ya àlọ àti àbọ̀ sórí pépà, ó rí bí ewé tẹ́ẹ́rẹ́. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ewé náà tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

2.

Èmi ni Sàúdátù. Ọdún kẹrin mi rèé ní yunifásítì lórí ohun kan ṣoṣo: kí kọ̀ǹpútà lè sọ, kí a tó wọ̀n ọ́n rárá, bí òòfà inú irin tiransifọ́má yóò ṣe yí padà tí a bá fà á tàbí tí a tẹ̀ ẹ́. Ìyá mi, tó ń gbé ní àdúgbò Mayfair nítòsí yunifásítì wa, ní kí n kúkú fẹ́ irin náà.

4.

(Ẹ má wá ìkẹta. Mo ti fà á ya.)

ÌWÉ LÁBÙ, OṢÙ KẸTA
Irin: méjìlá.
Ẹrù tí mo gbé kọ́ wọn: òdo.
Ohun tí kọ̀ǹpútà sọ: kò bá a mu.
Tí mo bá purọ́ fún kọ̀ǹpútà pé nǹkan ń tẹ irin náà: ó bá a mu gẹ́lẹ́.
Gbogbo méjèèjìlá.

5.

Mo wá fún irọ́ náà lórúkọ. Mo pè é ní ẹrù àfarasin. Mo ní láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti rọ irin náà ló ti wà nínú ẹ̀. Mo kọ ojú ewé mọ́kànlélógún lé e lórí. Ọ̀gá mi, Ọ̀jọ̀gbọ́n Awóyẹmí, kà á, wọ́n ní, "Sàúdátù, iṣẹ́ tìẹ gan-an rèé." Inú mi dùn débi pé mi ò rántí jẹun ọ̀sán.

6.

ÌKÉDE
Sẹ́mínà ìkẹyìn: Sàúdátù Sànúsí.
Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀.
Ẹnikẹ́ni ló lè wá.

7.

Ọjọ́ Ajé, Modakeke. Mo lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá Muhyideen. Tiransifọ́má tó bá jóná, àwọn ni wọ́n ń tún wáyà ẹ̀ wé. Àwọn náà ni wọ́n bá mi gé irin méjèèjìlá. Fóònù mi ń gba ohùn wa sílẹ̀.

BÀBÁ: Ṣé irin yẹn dáa?

ÈMI: Ó dáa, bàbá. Ó tẹ́jú dáadáa.

BÀBÁ: Á tẹ́jú kẹ̀. Bí mo ṣe gé e tán ló ká kò. Mo ní èèwọ̀, ọmọ Sànúsí ò ní gbé irin wíwọ́ wọ yunifásítì.

ÈMI: Kí lẹ wá ṣe?

BÀBÁ: Mo fi òòlù tọ́ ọ. Lọ́kọ̀ọ̀kan. Odidi ọjọ́ méjì.

(Mo gbé òòlù kan lórí tábìlì wọn, mo wo ojú ẹ̀.)

BÀBÁ: Sàúdátù?

ÈMI: Ẹ ṣé, bàbá.

8.

Òòlù ni.

9.

Ohun tí òòlù tẹ̀ sínú irin ò jáde mọ́. Òun ni ẹrù àfarasin tí mo pè ní àwárí. Tí mo bá sọ ọ́, ojú ewé mọ́kànlélógún ti lọ, ọdún kan ti lọ, gbogbo ẹ̀ka wa á sì mọ ẹni tó lù ú. Àánú bàbá ṣe mí. Kí n má purọ́, àánú ara mi ló ṣe mí jù.

10.

OJÚ EWÉ KẸTA, bó ṣe wà tẹ́lẹ̀: A lo irin náà bó ṣe ti ilé iṣẹ́ wá. Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án ju gígé lọ.

OJÚ EWÉ KẸTA, ọjọ́ Ìṣẹ́gun: Wọ́n fi òòlù tọ́ irin náà. A kò mọ̀.

OJÚ EWÉ KẸTA, Ọjọ́rú: A lo irin náà bó ṣe

11.

BÀBÁ MUHYIDEEN (lórí fóònù, Ọjọ́rú): Mo gbọ́ pé ẹnikẹ́ni lè wá lọ́la.

ÈMI: Ẹ má da ara yín láàmú, bàbá. Òyìnbó ni wọ́n máa sọ.

BÀBÁ MUHYIDEEN: Ojú ẹ ni mo fẹ́ wá wò.

12.

Ọjọ́bọ̀. Bàbá jókòó sẹ́yìn, wọ́n dé fìlà funfun. Mo sọ̀rọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú. Nígbà tí mo dé orí ẹrù àfarasin, mo sáré kọjá.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Awóyẹmí ló kọ́kọ́ bi mí léèrè. Wọ́n ti rí arúgbó tó wà lẹ́yìn, wọ́n bá fi Yorùbá bèèrè kí òun náà lè gbọ́.

AWÓYẸMÍ: Irin yẹn, ṣé ó dá ẹ lójú pé kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án ju gígé lọ?

Bàbá ti dìde. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

BÀBÁ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mo…

ÈMI: Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó.

Wọ́n jókòó. Ojú tì wọ́n, mo rí i. Gbogbo yàrá yíjú sí mi. Mo la ẹnu, mo ní, "Rárá, ọ̀gá: wọ́n fi òòlù tọ́ ọ."