Ìbọwọ́ Kan ní Ìfọ̀

Láti ìgbà tí Gbémiga ti ń kàwé gba oyè másítà nínú ìṣàkóso okòwò àti ìdarí ènìyàn, kò sọ̀rọ̀ mọ́; ńṣe ló ń gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀. Bí Jésùlayọ̀mi, ìyàwó rẹ̀, bá bi í pé ẹ̀bà ni tàbí ìrẹsì, yóò ní kí àwọn kọ́kọ́ wo ohun tí àwọn fẹ́ kí oúnjẹ náà ṣe fún àwọn.

"Kó yó wa ni," ni Jésùlayọ̀mi máa ń wí, á sì lọ tẹ ẹ̀bà.

Gbémiga ni mánijà tó ń bójú tó ẹ́sítéètì kan ní Mowé: omi, iná, géètì, àti ẹjọ́ àwọn tó ń da ìdọ̀tí síwájú ilé ẹlòmíràn. Ọjọ́ Sátidé ló ń lọ sí kíláàsì, tòun ti kóòtù lára, nínú oòrùn tí àwọn ewúrẹ́ pàápàá ń sá fún. Lọ́jọ́ tí olúkúlùkù sọ ìtàn ara rẹ̀ níbẹ̀, ó ní ìdí iṣẹ́ ẹnjiníà ni òun ti bẹ̀rẹ̀. Irọ́ kọ́, òótọ́ náà kọ́. Iṣẹ́ wẹ́dà ló kọ́, ọdún mẹ́rin gbáko, lọ́dọ̀ Alàájì Bùrẹ́ímọ̀ ní Ìfọ̀. Alàájì ló gbà á sílé nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Alàájì ló ní kó máa fi ìrọ̀lẹ́ kàwé títí tó fi wọ yunifásítì. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, Alàájì ló jókòó sórí àga bàbá ọkọ. Àmọ́ ó ti pé ọdún mẹ́fà tí Gbémiga ti dé ibẹ̀ kẹ́yìn. Iṣẹ́ ni, ọmọ ni, ìwé ni.

Ní sáà kejì, Ọ̀mọ̀wé Olúfúnṣọ́, obìnrin tó ń kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ ìdarí, ní kí wọ́n wá ọ̀gá kan tí kò kàwé ìṣàkóso rí, kí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ méjì wo bó ṣe ń darí àwọn èèyàn rẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Gbémiga kò lọ síbì kankan. Kí ló fẹ́ lọ wò? Ó jókòó sí yàrá rẹ̀, ó kọ ojú ìwé mẹ́tàlélógún nípa "ilé iṣẹ́ wẹ́dà kan ní Ìfọ̀", bí ẹni tó gba ojú fèrèsé wò ó. Ó kọ ọ́ pé ọ̀gá náà kò ní òfin kankan tó wà lákọsílẹ̀. Pé inú abọ́ kan náà ló ti ń bá àwọn ọmọ iṣẹ́ jẹun, èyí tó ń bu ipò olórí kù. Pé bí ọmọ iṣẹ́ bá ba irin jẹ́, ọ̀gá kì í bá a wí. Ó parí rẹ̀ pé irú ìdarí báyìí kò lè pẹ́ ju ẹ̀mí ẹni tó ni ín lọ. Gbólóhùn yẹn dùn mọ́ ọn débi pé ó kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì.

Ó dùn mọ́ Ọ̀mọ̀wé náà.

"Ọ̀gbẹ́ni Gbémiga, ọ̀sẹ̀ méjì péré lẹ fi rí gbogbo èyí?"

"Ká ṣáà ti lajú sílẹ̀ ni, mà."

"Ojú yín mú o. Sátidé tó ń bọ̀, gbogbo kíláàsì ń lọ síbẹ̀. A fẹ́ bá ọ̀gá yìí sọ̀rọ̀."

Gbémiga rẹ́rìn-ín.

Nọ́ńbà Alàájì wà lórí fóònù rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló wá a jáde lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta ló sì pa fóònù dé. Bó bá pè é, inú Alàájì yóò dùn, ohun tó sì ń bà á lẹ́rù gan-an nìyẹn. Ọkùnrin yẹn kò mọ bí a ṣe ń yọ̀ ní jẹ́jẹ́. Á ní kí gbogbo àdúgbò wá wo ọmọ òun. Á sọ ìtàn ọjọ́ tí iná wẹ́dà wọ Gbémiga lójú tó fi sunkún mọ́jú. Delight, òṣìṣẹ́ báńkì tó ń pè é ní "Ẹnjiníà" nínú kíláàsì, á sì wà níbẹ̀, á máa gbọ́. Gbémiga yáa gbàdúrà pé kí wọ́n pe Alàájì síbi ìsọmọlórúkọ kan tó jìnnà lọ́jọ́ náà.

Alàájì kò lọ síbì kankan. Nígbà tí bọ́ọ̀sì ilé-ẹ̀kọ́ gba Owódé Ẹ̀gbá dé iwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ń jó ẹsẹ̀ géètì kan lọ́wọ́. Ó gbójú sókè, ó bọ́ gọ́gù ojú rẹ̀, ó rí Gbémiga. Gbogbo ojú rẹ̀ là. Ó gbé irin ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ya apá méjèèjì, ó ń bọ̀.

Ẹnikẹ́ni tó bá ti kọ́ṣẹ́ rí mọ èyí tó kù. Ọmọ yóò dọ̀bálẹ̀ gbalaja, bó ti wù kí ilẹ̀ náà rí. Ọ̀gá yóò fọwọ́ gbá a lẹ́yìn, yóò sì ṣàdúrà títí yóò fi sú àwọn tó ń wò wọ́n. Ara Gbémiga kò gbàgbé. Orúnkún rẹ̀ ti ń tẹ̀. Ìgbà náà ni Delight gbé fóònù sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹnjiníà, ẹ yíjú síbí díẹ̀, mò ń ká fídíò."

Orúnkún Gbémiga nà padà. Ó na ọwọ́ ọ̀tún síwájú, ọwọ́ kan ṣoṣo.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Gbémiga ni orúkọ mi. Èmi ni olùwádìí tó kọ̀wé nípa iṣẹ́ yín."

Alàájì dúró. Ó wo ọwọ́ náà. Ó wo kóòtù, ó wo àwọn èèyàn tó wà lẹ́yìn kóòtù, ó tún wo ọwọ́ náà. Lẹ́yìn náà ó nu ọwọ́ tirẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó fi méjèèjì gba ti Gbémiga, ó sì tẹrí ba díẹ̀. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ló tẹrí ba.

"Ẹ káàbọ̀, sà," ló wí. "A dúpẹ́ pé ẹ wá wò wá."

Nurat, ọmọ Alàájì tóun náà ti di wẹ́dà, sáré jáde láti inú ṣọ́ọ̀bù. "Yé è! Bọ̀dá Gbé—"

"Nurat, lọ gbé àga wá fún àwọn àlejò."

"Bàbá, ẹ ò rí i ni? Bọ̀dá—"

"Àlejò ni mo wí. Àga."

Nurat wo bàbá rẹ̀, ó wo Gbémiga láti orí dé bàtà. Ó yé e. Àga Gbémiga ló kọ́kọ́ gbé dé, ó nù ún, ó sì kúnlẹ̀. "Ẹ jókòó, sà."

Gbogbo wọn jókòó. Ọ̀mọ̀wé Olúfúnṣọ́ ló bẹ̀rẹ̀. "Alàájì, wọ́n ní inú abọ́ kan náà lẹ ti ń bá àwọn ọmọ iṣẹ́ jẹun. Wọn ò ní máa rí yín fín?"

"Bí ọwọ́ wa bá jọ wọ abọ́, mo máa ń rí ọwọ́ tó ń gbọ̀n. Ẹni tí ara rẹ̀ kò balẹ̀, n kò ní gbé iná fún un lọ́jọ́ yẹn."

Gbogbo pẹ́ẹ̀nì ń sáré lórí ìwé.

"Bí wọ́n bá ba irin jẹ́ ńkọ́? Wọ́n ní ẹ kì í bá wọn wí."

"Irin náà ti bá wọn wí, màmá. Kí ni mo tún fẹ́ fi kún un?"

Kíláàsì rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Delight ní, "Alàájì, ṣé ẹ̀yin àti Ọ̀gbẹ́ni Gbémiga ti mọra tipẹ́ ni? Ohun tí wọ́n kọ jinlẹ̀ gan-an."

Alàájì wo Gbémiga, ó fún un láyè. Àyè náà gùn, ó tó ẹni tó fẹ́ sọ pé "Ọ̀gá mi nìyí" láti sọ ọ́ kó sì tún un sọ. Gbémiga ṣí ìdérí pẹ́ẹ̀nì rẹ̀, ó tún dé e.

"Iṣẹ́ ìwádìí ni wọ́n bá wá," ni Alàájì wí nígbẹ̀yìn. "Èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n."

"Nínú gbogbo àwọn tí ẹ ti kọ́," ni Ọ̀mọ̀wé bi í, "ṣé a rí ẹni tó já yín kulẹ̀?"

"Kò sí o. Ẹni tí n kò bá gbúròó rẹ̀, mo mọ̀ pé iṣẹ́ ló pọ̀ fún un. Mo máa ń dárúkọ wọn lẹ́yìn ìrun."

Lọ́sẹ̀ kejì, Gbémiga ló gba máàkì tó ga jù. Ọ̀mọ̀wé ní kí wọ́n wo bó ṣe jìnnà sí ẹni tó kọ̀wé nípa rẹ̀. Ó ní bó ṣe yẹ kí olùwádìí ṣe nìyẹn. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Delight fi fídíò ìbọwọ́ náà sórí Wáásáàpù kíláàsì, ẹnì kan sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Lídà pàdé lídà."

Jésùlayọ̀mi bá fídíò náà lórí fóònù ọkọ rẹ̀. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan.

"Ṣé o ò mọ̀ wọ́n ni?" ni Gbémiga bi í. "Alàájì ni."

"Mo mọ Alàájì. Ẹ̀yin ni mò ń wò tí n ò mọ̀."

Ó gbé fóònù náà lé orí tábìlì, ó sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Gbémiga kò lè jẹun. Títí ilẹ̀ fi mọ́, kò gbé ọ̀rọ̀ kankan kalẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, ó tọrọ àyè níbi iṣẹ́, ó wọ bùbá lásán, ó wọkọ̀ lọ sí Ìfọ̀. Nurat ló kọ́kọ́ rí i.

"Ha, olùwádìí! Ẹ káàbọ̀ o. Ìwé yín dà?"

"Nurat, jọ̀ọ́."

"Èmi ò mọ̀ yín o. Ẹnì kan wà tó máa ń gbé mi kọ́ èjìká lọ sí ilé-kéwú. Bí ẹ bá rí i, ẹ bá mi kí i."

Alàájì ń ti ibi ìrun àílà bọ̀, tẹ̀súbáà rẹ̀ wà lọ́wọ́. Gbémiga kò jẹ́ kó dé ibi ìbòòji. Ó dọ̀bálẹ̀ síbi tí èérún irin pọ̀ sí, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀.

"Ẹ dìde, sà," ni Alàájì wí. "Irin wà nílẹ̀ níbẹ̀, yóò gún yín."

"Alàájì, èmi ni. Gbémiga ni."

"Mo mọ̀. Ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn."

Kò sí ìbínú nínú ohùn náà. Ká ní ìbínú wà níbẹ̀ ni, Gbémiga ì bá mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀. Ohùn tí Alàájì fi ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ ni.

"Mo ṣẹ̀ yín, sà. Ẹ gbá mi lẹ́yìn kí n tó dìde, ẹ jọ̀ọ́."

Obìnrin oníbàárà kan, Fàúsátù, yà wọlé lásìkò yẹn, ó ń bèèrè irin fèrèsé rẹ̀. Ó kọsẹ̀ dúró. "Ọ̀gá wẹ́dà, ta nìyí? Kí ló ṣe wọ́n?"

"Ẹ bi wọ́n," ni Alàájì wí.

Gbémiga sọ ọ́ sínú iyanrìn. Jẹnẹrétọ̀ ń pariwo, Fàúsátù kò gbọ́. "Kí lẹ wí?"

"Ọmọ iṣẹ́ wọn ni mí!" ni Gbémiga kígbe. "Àwọn ni wọ́n kọ́ mi níṣẹ́!"

Gbogbo ìlà ṣọ́ọ̀bù yẹn yíjú: fọkanáísà, oníbátìrì, ìyá tó ń din búrẹ́dì àtẹyin.

"Ọmọ iṣẹ́, tó ti hewú báyìí?" ni Fàúsátù wí. "Iṣẹ́ náà mà pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n o!"

Ẹ̀rín gba òpópó. Alàájì kò rẹ́rìn-ín. Kò sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gbá a lẹ́yìn. Ó fi tẹ̀súbáà sápò, ó nawọ́ sí ògiri ẹ̀yìn ibi tí Gbémiga nà sí.

"Irin yín ti parí, ìyá. Ó wà lọ́hùn-ún yẹn, ẹ wá wò ó."

Fàúsátù ká ìró rẹ̀ sókè, ó fẹ́ rékọjá.

"Ẹ rọra," ni Alàájì wí, "ẹ má tẹ̀ wọ́n."