Ẹ̀kán Méjì Lẹ́nu Ọmọ

"Ẹ má bínú, mà, ọmọ ń sùn," ni ìyá ọmọ wí láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Kò tíì pa ẹnu dé tí ọmọ tó ní ó ń sùn fi figbe ta.

Ìyá tó bí ìyá ọmọ náà, aránṣọ, wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ nínú yàrá. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ìgbà kẹta nìyí tí nọ́ọ̀sì tó ń gbé kúlà àjẹsára kiri yóò kanlẹ̀kùn wọn lọ́sẹ̀ yẹn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti gbọ́ lórí fóònù pé àjẹsára máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ọmọdé jẹ́, kò sì sẹ́ni tó lè yí i lọ́kàn padà. Aránṣọ dìde, ó wọ́ ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ débi ilẹ̀kùn, ó ṣí i, ó sì fún àlejò ní àga.

Nọ́ọ̀sì kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ní kòkòrò àrùn rọpárọsẹ̀ gan-an ló wà nínú ìgò kékeré náà, àmọ́ wọ́n ti gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀. Ara ọmọ yóò fi í kọ́ ìjà; lọ́jọ́ tí èyí tó lágbára bá dé, ara ti mọ̀ ọ́n lójú. Ìyá ọmọ bi í léèrè ohun tó lè mú èèyàn kán àrùn sẹ́nu ọmọ tí ara rẹ̀ le koko.

Aránṣọ gba ọ̀rọ̀ náà sọ. "Bí mo ṣe ń fi bébà gé pátánì ni. Bí mo bá ṣì í gé, bébà ló bàjẹ́. Nígbà tó bá fi máa kan aṣọ, ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ó ní òun máa yá ọ̀rọ̀ yẹn lò. Ìyá ọmọ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní bí àwọn ọmọ àdúgbò bá ti gbà á, ṣé kò ní tó kí tòun sá sẹ́yìn wọn? Nọ́ọ̀sì ní bí gbogbo ìyá bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn ta ni yóò kù tí ọmọ máa sá sí?

Aránṣọ rọra jókòó ti ọmọ rẹ̀.

"Mo parọ́ fún ọ nípa ẹsẹ̀ mi yìí," ó wí. "Mi ò jábọ́ lórí igi rí. Rọpárọsẹ̀ ló mú èmi àti àbúrò mi. Òun ò rù ú là. Nígbà tí àwọn alájẹsára wá, ìyá mi ti gbé wa sá pamọ́ sóko. Kò kórìíra wa o. Ẹ̀rù ló bà á, bó ṣe ń bà ọ́ yìí. Títí tó fi kú, kò lè wo ẹsẹ̀ mi. Kí ẹnikẹ́ni má bàa dá a lẹ́bi ni mo ṣe di ẹ̀bi náà ru igi."

Ọmọ rẹ̀ wo ẹsẹ̀ náà bí ẹni tí kò rí i rí. Lẹ́yìn náà, ó gbé ọmọ lé itan, ó rọra tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ẹnu là. Nọ́ọ̀sì kán an sí i: ẹ̀kán kan, ẹ̀kán kejì. Ọmọ fajú ro, ó gbé e mì. Nọ́ọ̀sì fi yíǹkì sàmì sí ìka rẹ̀, ó sì sọ ọjọ́ tí wọ́n máa wá gba abẹ́rẹ́ fún wọn.

Bó ṣe gbé kúlà kọ́ èjìká, ó kọjú sí yàrá kejì lágbo ilé náà, níbi tí ìyá ọlọ́mọ méjì kan ti tìlẹ̀kùn mọ́rí láti àárọ̀. Ìyá ọmọ ti ń pọn ọmọ tirẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n ṣáájú yín, mà," ó wí jẹ́jẹ́. "Èmi ni mo ní kó má ṣílẹ̀kùn."