Májèlé Kò Bi Ẹ̀wù Irin Léèrè

Ọ̀bẹ Aránṣọ wọlé lẹ́ẹ̀kẹta, síbẹ̀ nọ́ńbà ọgbẹ́ tó yọ lókè orí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú gẹ́ẹ̀mù kò ju méjìlá lọ. Gbogbo èrò ṣọ́ọ̀bù gẹ́ẹ̀mù bú sẹ́rìn-ín.

"Àbúrò mi, ṣé èékánná lo fẹ́ bá mi gé ni?"

Ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n jókòó sí, kálukú pẹ̀lú páàdì gẹ́ẹ̀mù lọ́wọ́. Àpáta ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n níbẹ̀, nítorí ẹ̀wù irin tó máa ń wọ̀ jà: ìdà ìbáà bà á bí òjò, díẹ̀ ló ń kan ara.

Télọ̀ ni Aránṣọ, iṣẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ ní orúkọ náà. Lọ́dún tó kọjá, òun ló pa ejò olórí méje inú gẹ́ẹ̀mù tí gbogbo wọn ń sá fún. Ó sáré lọ rán bọ́tìnì mọ́ aṣọ oníbàárà kan. Kó tó padà, Àpáta ti wà lórí àga rẹ̀, wọ́n ń kí i kú oríire. Ó ní, "Ìwọ? O kàn bá mi di páàdì mú ni." Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Odindi ọdún kan ló fi ń rán ṣòkòtò olóṣòkòtò, tó sì ń gbèrò bí yóò ṣe gbẹ̀san. Ẹni tó bá borí lónìí ni yóò ṣojú ṣọ́ọ̀bù níbi ìdíje ńlá, ẹnì kan péré sì ni wọ́n ń mú.

Ó ti kọ́kọ́ fi oṣù mẹ́ta ṣòfò lórí idán yìnyín tí wọ́n ń fi sẹ́nu ọ̀bẹ nínú gẹ́ẹ̀mù. Ìwọ̀n ọgbẹ́ tó bá ráyè wọ ara ni yìnyín fi ń mú èèyàn, irin Àpáta kì í sì í jẹ́ kí ọgbẹ́ púpọ̀ wọlé. Ti májèlé tó wà lẹ́nu ọ̀bẹ rẹ̀ báyìí yàtọ̀. Agbára tí ọ̀bẹ gbé wá kó tó kan irin ni gẹ́ẹ̀mù fi ń wọn májèlé, nítorí náà ọgbẹ́ méjìlá lè fa májèlé igba. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi.

Ó gún un lẹ́ẹ̀kẹrin, ó gún un lẹ́ẹ̀karùn-ún, ó wá fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

"Ẹ wò ó, ó ń sá!" ni ẹnì kan lára àwọn èrò kígbe.

"Àpáta, ara ẹ ń di àwọ̀ ewé o," ni Ìyá Gẹ́ẹ̀mù, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù, wí. "Mu ẹ̀rọ̀ májèlé."

"Ẹ fi í sílẹ̀, mà. Méjìlá méjìlá náà ni."

Nígbà tó fi máa wo ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nínú gẹ́ẹ̀mù, ó ti ku ṣíún. Ó ń tẹ bọ́tìnì ẹ̀rọ̀ lákọlákọ nígbà tí jagunjagun rẹ̀ ṣubú lulẹ̀.

Aránṣọ yíjú sí i. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló wá ń bá ta di páàdì mú?"

Ariwo sọ. Ó dùn mọ́ ọn dé egungun. Àmọ́ Àpáta rẹ́rìn-ín, ó bọ gbogbo èèyàn lọ́wọ́, ó dá àpárá kan, ó jáde. Àbí kò dùn ún ni?

Aránṣọ yọjú lójú fèrèsé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí ṣọ́ọ̀bù, ó fọwọ́ ti ògiri, kò mira.

Ìyá Gẹ́ẹ̀mù ń bi Aránṣọ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ìdíje. Ojú fèrèsé ló ṣì wà. Ó mọ ìdúró yẹn. Lọ́dún tó kọjá, òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín dé ẹnu ọ̀nà.