Ẹni Kẹfà

“Mẹ́fà! Mo ní mẹ́fà ni mo kà! Òfin ní èèyàn márùn-ún péré nínú ṣọ́ọ̀bù! Ẹ̀yin ìyá yìí, ṣé ìjọba lẹ fẹ́ máa bá ṣeré ni?”

Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ni sájẹ́ǹtì dúró sí, àgádágodo ńlá lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń pariwo bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Láti ìgbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ti wọ̀lú, ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ló ti tì pa ládùúgbò yẹn.

“Márùn-ún ni wá,” ni Ìyá Abẹ́rẹ́ dáhùn, kò tilẹ̀ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì. Ẹnu rẹ̀ tó mú bí abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ yẹn, kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń ránṣọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tòní ló mú orí rẹ̀ wú jù: ogójì aṣọ ìdáàbòbò fún àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn, ọmọ bíbí inú rẹ̀ sì wà lára wọn. Ọ̀sán yìí ni wọ́n ń retí àwọn aṣọ náà. Bí àgádágodo yẹn bá fi kan ilẹ̀kùn, ọwọ́ lásán lọmọ rẹ̀ máa fi kojú àrùn.

“Márùn-ún kẹ̀! Ojú mi fọ́ ni? Arábìnrin tó dúró lẹ́yìn yẹn ńkọ́? Ìwọ! Jáde síbí!”

Ìyá Abẹ́rẹ́ bojú wẹ̀yìn. Ó gé ètè jẹ kí ẹ̀rín má baà bọ́. Ọmọláńgidi onírọ́bà tí wọ́n fi ń díwọ̀n aṣọ ni! Láàárọ̀ ló ti wọ aṣọ nọ́ọ̀sì fún un, ó dé e ní fìlà, ó sì fi ìbòmú bò ó dé abẹ́ ojú.

“Hùn, ọ̀gá, olórí kunkun nìyẹn o. Ọdún kẹsàn-án rèé tó ti wà lọ́dọ̀ mi, kò dá mi lóhùn rí.”

Àwọn aránṣọ mẹ́rin yòókù dorí kodò, èjìká wọn ń gbọ̀n.

“Á dá ọlọ́pàá lóhùn!” Sájẹ́ǹtì já wọlé, ó gba àárín máṣíìnì kọjá, ó gbá arábìnrin náà lápá mú, ó fà á. Apá yọ sí i lọ́wọ́.

Ẹ̀rín bú yàà. Ìyá Abẹ́rẹ́ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó gba apá rọ́bà náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń nà án sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Ọ̀kan. Méjì. Mẹ́ta. Mẹ́rin. Èmi, márùn-ún.” Ó wá fi kan bọ́tìnnì àyà sájẹ́ǹtì. “Ẹ ò purọ́, ọ̀gá. Mẹ́fà la jẹ́ báyìí. Òfin ní kí ẹnìkan bọ́ síta.”