Ọkọ̀ Ṣùkúrù Nínú Òkun Tó Dì

Èmi Oyèlékè, tí mo ń ya kìnnìún sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù ní Ṣakí, n kò fojú kan òkun rí. Ìyá Ṣùkúrù náà kò rí i rí. Síbẹ̀ òun ló ní kí n ya òkun tó dì fún òun sórí pátákó, àti ọkọ̀ ojú omi tí ọmọ rẹ̀ ti ń dáná fún àwọn atukọ̀ lókè òkun. Fọ́tò tí Ṣùkúrù fi ránṣẹ́ kéré jù lójú fóònù, ìyá sì fẹ́ rí ibi tí ọmọ òun wà dáadáa, kí ọkàn òun lè balẹ̀.

Ọ̀dà olóròóró ni mo lò, èyí tí kì í tètè gbẹ. Funfun lórí funfun; ẹni tó bá rò pé ó rọrùn, kó wá gba búrọ́ọ̀ṣì. Mo fi yìnyín bo ọkọ̀ náà láti orí dé ìdí, bó ṣe wà nínú fọ́tò gan-an. Inú mi ń dùn, mo ń súfèé.

Ìyá Ṣùkúrù wò ó, ó fi ìbòrí nu ojú.

“Oyèlékè, kàfánì òkú lo wọ̀ fún ọmọ mi yìí. N ò lè gbé e wọlé.”

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Omi tó dì ni mo yà. Òkú tí wọ́n dì ni ìyá rí.

Mo pe Ṣùkúrù. Ó ní ọkọ̀ àwọn kì í dúró, pé ó ń fọ́ yìnyín lọ ni, omi dúdú a sì là sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní kì í pẹ́ tó tún fi ń dì.

Mo ha funfun kúrò lára ọkọ̀ títí pupa rẹ̀ fi yọ. Mo wá fa omi dúdú láti ìdí rẹ̀ wá sí etí pátákó.

Nígbà tí ìyá padà wá lọ́jọ́ Jímọ̀, mo ní, “Ọ̀nà tó gbà kọjá nìyí, ìyá. Ibẹ̀ náà ló máa gbà bọ̀.”

Ó wò ó títí.

“Ṣé kì í padà dì?”

N kò lè parọ́ fún un.

“Tòkun ń padà dì, ìyá. Ṣùgbọ́n òróró ni mo fi ya tiyín. Epo pupa lọyẹ́ ń mú dì. Ẹ rí òróró tó dì rí?”

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì di etí pátákó mú.

“Bá mi gbé e. Rọra o, kí ọ̀nà yẹn má pa rẹ́.”